Owó Ojú Ọ̀kẹ́rẹ́

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ọ̀kẹ́rẹ́, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo.

Nígbà tí àwọn ẹranko kó kúrò nínú igbó wá sí Ìkẹjà, Ìjàpá gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Otigba, ní Computer Village. Ilé gbígbé ló kún àdúgbò náà tẹ́lẹ̀; gbàgede tí wọ́n ti ń sá aṣọ ló wá di ibi títún fóònù ṣe. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni Ìjàpá gbà síṣẹ́. Èékánná rẹ̀ mú, kò sì purọ́ rí. Ọjà tà o, ọjà kò tà o, owó oṣù rẹ̀ kì í yẹ̀. Ìrẹsì ọ̀sán lọ́dọ̀ Ìyá Adìẹ, Ìjàpá ni ń san án. Ní Èkó yìí, ta ló rí irú ẹ̀ he?

Lọ́jọ́ kan, Àdàbà gbé fóònù tí kò gba iná mọ́ wá. Ọ̀kẹ́rẹ́ fi abẹ́rẹ́ tọ ihò ṣájà, ìdọ̀tí àpò lásán ló dí i. Ó fẹ́ẹ́ dá a padà lọ́fẹ̀ẹ́ ni Ìjàpá bá wúkọ́, ó fà á sẹ́yìn.

“Sọ pé bọ́ọ̀dù ti jó. Yọ ojú fóònù yẹn, fi páńdà sí i. Ẹtu ń dúró de ojúlówó.”

“Ọ̀gá, kò jó.”

“Ṣé mo ní ó jó ni? Tí èmi bá sọ ọ́, Àdàbà á fò lọ. Tí ìwọ bá sọ ọ́, á sanwó, á tún dúpẹ́. Owó ojú ẹ ni mò ń san lóṣooṣù, kì í ṣe owó ọwọ́ ẹ.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ na fóònù sí Àdàbà, ó kó irin iṣẹ́ sórí tábìlì. “Ẹ jọ̀wọ́ ọ̀gá, ẹ wá ojú mìíràn.”

Ọjà dàrú. Òkété ló kọ́kọ́ dé, òun tó bá Ifá mulẹ̀ tó tún da Ifá; ó ń wàásù pé èèyàn kì í da ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní Tai Solarin náà ṣe ọ̀gá ilé-ìwé Molusi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn dá wàhálà sílẹ̀, ó fipò sílẹ̀, ó lọ dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956.

“Ìkẹ́nnẹ́ nìyẹn,” Ìjàpá dáhùn. “Ṣé o mọ iye tí wọ́n ń gba ìlẹ̀kùn kan ní Otigba?”

Ọ̀kẹ́rẹ́ bá forin sẹ́nu, ọjà ń gbè é:

Irọ́ ń ta mí lẹ́nu bí ata,
*Jókòó jẹ́ẹ́, owó oṣù ń bọ̀.*
Ọmọ ń bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe,
*Jókòó jẹ́ẹ́, owó oṣù ń bọ̀.*
Kí n wí fún un ni, kí n má wìí?
*Jókòó jẹ́ẹ́, owó oṣù ń bọ̀.*

Kò jókòó. Ó lọ ta agbòòrùn sí òdìkejì títì, ó fẹ́ máa tún fóònù ṣe lábẹ́ rẹ̀. Òòrùn pa á, òjò pa á, oníbàárà kò yà. Ìjàpá ní tirẹ̀ kò fi nǹkan ṣòfò: ó bẹ Agẹmọ akunlé, ó ní kó ya ojú Ọ̀kẹ́rẹ́ gàdàgbà sórí pátákó ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ̀rín rẹ̀ dé etí.

Ní ọjọ́ kẹta, Ewúrẹ́ gbé fóònù dé.

“Ìwọ kọ́ ni wọ́n yà sọ́hùn-ún yẹn?”

“Èmi ni, mà. Mi ò sí lọ́dọ̀ wọn mọ́.”

Ewúrẹ́ wò ó, ó wo pátákó. “Ti ara pátákó yẹn sanra jù ẹ́ lọ,” ló wí, ló bá sọdá.

Àdàbà nìkan ló bà lé orí agbòòrùn, fóònù rẹ̀ ń dún.