Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọkọ Ìyàwó Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Jẹun

Sí Akọ Aláǹtakùn (Lycosa tarantula),
Ẹnu Ihò Àfẹ́sọ́nà Rẹ̀,
Gúúsù Ìlà-Oòrùn Sípéènì.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ pé o ti múra tán láti lọ kí ọmọge. Wọ́n ní o ti ta àwọ̀n kékeré kan, o da àtọ̀ sórí rẹ̀, o sì ti fà á sínú apá kúkúrú méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ. O káre. Ṣùgbọ́n jókòó ná. Ta ló sọ fún ọ pé ọkọ ni wọ́n ń retí?

O ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òótọ́ ni, àmọ́ àáké tìrẹ yìí ní ojú mẹ́jọ, gbogbo rẹ̀ ló sì fi ń wò ọ́.

Ìbátan rẹ kan wà ní Ọsirélíà, aláǹtakùn ẹlẹ́yìn-pupa, tó máa ń tàkìtì sẹ́nu ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ìgùn gan-an. Ní 1996, Maydianne Andrade fi hàn pé èyí tí wọ́n bá jẹ máa ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹyin tó sì máa ń di tirẹ̀ ju ti ẹni tó yè bọ́ lọ. Ìyẹn kú, ó jèrè. Ìwọ ń kú níbi mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́! O ò tíì dìde lórí ìdọ̀bálẹ̀ tí wọ́n ti ń jẹ ọ́ lórí.

Má wá pe ọmọ ọlọ́mọ ní ìkà. Ìṣirò ni. Ní 1991, Jonathan Newman àti Mark Elgar ṣírò ọ̀rọ̀ yìí bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń ka èrè: bí oúnjẹ bá wọ́n, tí akọ sì pọ̀ nílẹ̀, omidan lè fi ẹni tó kọ́kọ́ dé jẹun, kó fi ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣe ọkọ. Ní agbègbè tìrẹ gan-an, àwọn onímọ̀ rí i pé abo tó bá jẹ akọ máa ń bí ọmọ tó pọ̀ sí i, tó sì dá ṣáṣá. Ṣé o rí i pé o wúlò fún àwọn ọmọ? Wọn ò kàn ní í jẹ́ ọmọ tìrẹ ni.

Ní 1997, Göran Arnqvist àti Stefan Henriksson mú àlàyé mìíràn wá látara aláǹtakùn etí omi. Wọ́n ní ìwà ni. Láti kékeré ni ọmọbìnrin náà ti ń já ohunkóhun tó bá mira gbà. Ìyẹn ló fi sanra, ara tó sanra ló sì ń yé ẹyin púpọ̀. Ìwà ọ̀hún kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí àlejò bá dé, bó tilẹ̀ lè sọ olówó ara rẹ̀ di aláìlọ́kọ. Ohun tó mú kó wù ọ́ náà ló fẹ́ pa ọ́.

Gba ìmọ̀ràn. Wo akọ aláǹtakùn Pisaura mirabilis ní Yúróòpù: kòkòrò ló máa ń fi òwú wé, tí á gbé e lọ bí ẹrù ìdána. Bí ìyàwó bá ṣe ń jẹun ni òun ń ṣe tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ, á ṣe bí òkú, á di ẹrù rẹ̀ mú pinpin; tó bá yá, á jí. Àwọn oníjìbìtì inú wọn máa ń wé èèpo kòkòrò lásán. Ìyàwó máa ń já wọn, á sì tètè lé wọn sọ̀ kalẹ̀.

Ìwọ ńkọ́? Kí lo gbé dání? Kò sí kòkòrò, kò sí èèpo. Ara rẹ nìkan ni ẹrù ìdána.

Máa lọ o, kí o lu ilẹ̀ dáadáa kí ọmọge tó gbọ́ ọ bí ìjẹ. Tí wọ́n bá pè mí síbi ìkómọjáde, mo ń bọ̀. Yálà ìwọ ni bàbá ọmọ, tàbí ìwọ ni ẹran àsè.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
tí ìyàwó ń gbé oúnjẹ fún.