Eku Kọ́ Ló Jẹ Ẹ́, Màmá Wàrí

Ẹ sún mọ́ mi jàre, ọ̀rọ̀ yìí ti ń yún mi lẹ́nu. Ẹ sáà mọ Bàbá Télọ̀ wa ní Ajégúnlẹ̀ níbí, tó máa ń gbé téèpù kọ́rùn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Òun náà ni. Ó lọ sí Àpápá, ó lóun fẹ́ ra ẹ̀rọ wíífìn tòkúnbọ̀, èyí tó ń rán etí aṣọ kó má baà tú, lára àwọn tí wọ́n ń já ní wáàfù. Wáàfù yẹn! Ẹ rántí ọdún 1975, tí ọkọ̀ ojú omi tó lé ní 400 tò sórí òkun, símẹ́ńtì ló pọ̀ jù nínú wọn, tí wọn ò ráyè gúnlẹ̀? Àsìkò yẹn náà lowó Údójì, àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, bọ́ sílẹ̀, táwọn èèyàn ń ra léèsì bí ẹni pé ayé ò ní í tán. Ibo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé ná?

Ẹ̀hẹ́n, ẹ̀rọ. Ohun tó gbé dé kì í ṣe wíífìn. Síńgà àtijọ́ ni, alábẹ́rẹ́ méjì, ó sì tún ní irin ṣóńṣó tó ń lu aṣọ níhò. Bàbá dán an wò, gbogbo etí aṣọ ń lu jára. Ó fẹ́ dá a padà, ẹni tó tà á fún un ti di àwátì.

Àfìgbà tí Ìyá Oníkúróṣè sọ̀kalẹ̀ wá. Ẹ mọ ìyá yẹn, àbí? Àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ló kọ́ ọ níṣẹ́ kúróṣè lọ́mọdé, kò sì tíì sinmi. Ó hun aṣọ fún àga, ó hun fún tẹlifíṣọ̀n, sìlíńdà gáàsì rẹ̀ gan-an ń dé fìlà! Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ihò yẹn gan-an niṣẹ́ ẹ̀rọ náà, pé òwú ló ń yí ihò kọ̀ọ̀kan ká kó má baà ya, ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ òun tó ní ìwọ̀ lẹ́nu á máa gbà wọlé. Bí èèyàn bá sì fi sísọ́ọ̀sì la àárín ihò náà gbọọrọ, etí aṣọ méjì ti gún lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tún ní í máa tiraka fi abẹ́rẹ́ gún bùláńkẹ́ẹ̀tì títí ọwọ́ á fi bó.

Bí àwọn méjèèjì ṣe pawọ́ pọ̀ ṣiṣẹ́ nìyẹn. Màmá Wàrí ló kọ́kọ́ gbéṣẹ́ wá, bùláńkẹ́ẹ̀tì funfun tó fẹ́ gbé lọ fún ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àmọ́ màmá ò ní sùúrù. Ọjọ́ kejì ló ti yọjú, Bàbá ti lu ihò tán, Ìyá ò tíì fọwọ́ kan òwú. Ha! Ariwo wo lẹ ò tíì gbọ́? Ó ní eku ti jẹ bùláńkẹ́ẹ̀tì ọmọ òun yí po! Kí Bàbá tó wá bàtà, màmá ti ra ọ̀tápíápíá, ó ń wọ́n ọn káàkiri ẹnu ọ̀nà. Lánlọ́ọ̀dù wọn sáré ti ológbò rẹ̀ mọ́ yàrá, ó ń ti ojú fèrèsé bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí léèsì jókòó sétí aṣọ yẹn tán, ó rí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Màmá Wàrí wò ó, ó wo ilẹ̀, ó fi owó lé e.

Lánlọ́ọ̀dù náà ti rí i o. Kọ́tíìnì mẹ́jọ ló kó wá, ó ní kí wọ́n yọ owó iṣẹ́ náà nínú rẹ́ǹtì. Bàbá Télọ̀ ń wolẹ̀. Ìyá Oníkúróṣè ní kí lánlọ́ọ̀dù ṣàlàyé, ṣé rẹ́ǹtì tẹni tó lu ihò ni àbí tẹni tó máa dí i?