Omi Tyla Ya Wọ Kòsọ̀fẹ́

Àwa ará Kòsọ̀fẹ́ l'Ékòó mọ omi dáadáa. Bí òjò bá ti pọ̀, tí àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù Ọ̀yán lápá Abẹ́òkúta bá ṣílẹ̀kùn rẹ̀, Odò Ògùn kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọ Àgílítì. Á gba ẹ̀yìn Mile 12 yọ, á jókòó sí pálọ̀ onílé bí ẹni tó san owó ilé sílẹ̀. Ìyẹn ti mọ́ wa lára. A mọ bí wọ́n ṣe ń gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí búlọ́ọ̀kù. Omi tí a kò mọ ibi tí a máa gbé e gbà ni èyí tó dé láti Gúúsù Áfíríkà lálẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Kejì, ọdún 2024. Orin ni, "Water" ni wọ́n ń pè é. Tyla ló kọ ọ́, ọmọdébìnrin ẹni ọdún 22, òun ló sì fi gba Grammy mọ́ àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ wa lọ́wọ́ ní Los Angeles.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é ní Kétu. Ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ dá ẹ̀bùn kan sọ́tọ̀ fún orin Áfíríkà. Orin márùn-ún ni wọ́n pàtẹ, mẹ́rin jẹ́ tiwa: "Unavailable" ti Davido, "City Boys" ti Burna Boy, "Amapiano" ti Asake àti Olamide, àti "Rush" ti Ayra Starr (tí wọ́n bí sí Kùtọnu, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìyẹn da ìṣirò wa rú). Ẹni tó bá ní mẹ́rin nínú márùn-ún, kí ló tún kù tó ń bà á lẹ́rù? Kò sẹ́ni tó ń jiyàn bóyá Nàìjíríà máa gbà á. Èwo nínú àwọn mẹ́rin ló máa gbé e wálé ni wọ́n ń jà lé lórí. Kò sì sẹ́ni tó rántí pé ẹni tó bá fa ọmọ oyè mẹ́rin kalẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ gé ìbò rẹ̀ sí mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀, àwa la rí ìdìbò ààrẹ 2023 o! Ṣebí ojú wa níbí ni àwọn alátakò ṣe fọ́n ká, tí oníkálukú mú ìpín tirẹ̀ lọ, tí Aṣíwájú sì fi ìdá 37 nínú 100 wọ Aso Rock.

Àwọn tí àánú wọn ṣe mí jù ni àwọn tó ra epo. Aago méjì òru ni ètò ńlá náà bẹ̀rẹ̀ ní aago tiwa. Ẹni tó fẹ́ wò ó láì gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba ti da epo sínú jẹnẹrétọ̀, epo tó ti fò kọjá 500 náírà lítà kan láti 2023. Ó ti fi omi tútù bọjú, ó jókòó, ó ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa pe Davido. Wọn ò pè é. Àwọn aláṣẹ Grammy ti pín ẹ̀bùn orin Áfíríkà tán láti ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, níbi ètò kan tí wọ́n máa ń ṣe kí ti orí tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ tó ní dátà díẹ̀ ti rí èsì lórí fóònù, ó ti bínú tán, ó ti sùn. Burna Boy gun orí pèpéle ńlá náà lóru yẹn, ó kọrin pẹ̀lú Brandy àti 21 Savage. Ìyẹn ló jẹ́ kí owó epo má ṣòfò pátápátá.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, Kòsọ̀fẹ́ di ilé ẹjọ́. Àwọn 30BG, ọmọ ẹ̀yìn Davido, ní màgòmágó ni. Àwọn Outsiders, ọmọ ẹ̀yìn Burna Boy, ní ìlara ni. Ẹnì kan nínú dánfó tó ń lọ sí Ọjọ́tà ní àwọn òyìnbó mọ̀-ọ́n-mọ̀ fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ adúláwọ̀ ni, kí wọ́n lè rí àyè kó góòlù lọ. Ó sọ̀rọ̀ náà dọ́ba, kọ́ńdọ́ sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó san owó ọkọ̀. Ẹlòmíràn ní orin náà ò tiẹ̀ nítumọ̀, pé kí ló wà nínú omi? Ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà, nínú oṣù Kejìlá tó ṣáájú, tòun ti ìgò omi ló ń jó níwájú fóònù, ó ń da á sí ara rẹ̀ lẹ́yìn bíi ti Tyla, títí bàbá onílé fi yọjú lójú fèrèsé tó ní ta ló ń fi omi kànga òun ṣòfò.

Ẹgbẹ́ tó jó jù láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Wizkid FC. Wizkid ò sí nínú àwọn márùn-ún náà rárá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí bí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń kí ara wọn kú oríire pé Davido ṣòfò, ẹ máa rò pé Ìkòsì ni wọ́n ti sọ Tyla lórúkọ, tí àwọn sì jẹun níbẹ̀.

Ní ìdí ata ní Mile 12, ẹjọ́ náà kò pẹ́. Ìyá kan béèrè pé Grammy tí wọ́n ń pariwo yìí, ṣé ó máa mú owó ọkọ̀ tòmátì láti Kánò wálẹ̀? Wọ́n ní rárá, Mà. Ó ní ó dáa, kí wọ́n kúrò níwájú ọjà òun.

Èmi ò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó bínú. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dìbò. Láti ìgbà tí Iyanya ti gba ìdíje orin Project Fame ní 2008 ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé ìka wa lórí fóònù ló ń yan olórin tó peregedé, a sì ti ra káàdì tó pọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń wá nọ́ńbà tí wọ́n máa tẹ̀ ránṣẹ́ sí Los Angeles. Kò sí. Àwọn olórin, àwọn tó ń kọ orin sílẹ̀ àti àwọn tó ń ṣètò ìró, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Recording Academy, ni wọ́n ń dìbò. Wọn kì í béèrè káàdì ìdìbò Kòsọ̀fẹ́. Ẹni tó ní ká lọ sílé ẹjọ́ kò tíì sọ ilé ẹjọ́ wo.

Ó sì yẹ kí ará Mile 12 ti mọ èyí ṣáájú ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó ra ẹ̀wà rí tí kò mọ̀ pé ẹni tó ni kóńgò ló ń wọ̀n. Ó lè lu ìdí kóńgò náà wọnú. Ó lè fi ọwọ́ gé e lórí kó tó kún dé ibi tó yẹ, kó sì bu èènì fún ẹni tó bá wù ú. Oníbàárà á pariwo, á fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, á ṣe bí ẹni fẹ́ lọ, á tún padà wá sanwó. Grammy, kóńgò Amẹ́ríkà ni. Tiwa ńkọ́? A dá ẹ̀bùn orin Headies sílẹ̀ ní 2006. Nígbà tó di 2022, a dì í lẹ́rù, a gbé e lọ ṣe ní Atlanta. Ní 2023, Atlanta náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ wo bí ọmọ Nàìjíríà ṣe ń fún ọmọ Nàìjíríà lẹ́bùn ní láti lọ tò fún físà. 2025 la tó rántí pé Èkó wà.

Ọ̀rọ̀ ọjà ni mo ṣì ń sọ. Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹrù tiwa wò. Asake àti Olamide fẹnu Yorùbá kọrin, wọ́n sì pe orin náà ní "Amapiano", orúkọ irú orin tí àwọn ọ̀dọ́ Gúúsù Áfíríkà dá sílẹ̀. Davido kò tiẹ̀ fi bò: Musa Keys, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ló bá a kọ "Unavailable", orúkọ rẹ̀ wà lára orin náà gbangba. Ìyẹn ni pé a ra ọjà lọ́wọ́ olóko, a rù ú padà lọ sẹ́nu ọ̀nà oko rẹ̀, a pàtẹ síbẹ̀, ó wá ń yà wá lẹ́nu pé ti olóko ni wọ́n rà.

Òfò alẹ́ yẹn ju orin Áfíríkà nìkan lọ. Orúkọ Davido jáde nígbà mẹ́ta, ti Burna Boy nígbà mẹ́rin, ọwọ́ òfo ni àwọn méjèèjì bá wálé. Ní ìsọ̀rí orin àgbáyé, ẹgbẹ́ Shakti ló gba ti àwo, "Pashto" sì gba ti orin kan ṣoṣo. Zakir Hussain, onílù ọmọ Íńdíà, wà nínú méjèèjì. Àwọn ọmọ wa ní Kétu ń béèrè pé ta ni bàbá yìí, níbo ló ti yọ? Bàbá náà kì í ṣe àlejò. Nígbà tí Mickey Hart, onílù Amẹ́ríkà, ṣe àwo Planet Drum, èyí tó gba Grammy àkọ́kọ́ tí wọ́n fún àwo orin àgbáyé, ní 1992, Zakir Hussain wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lápá Àgbádárìgì, àti Sikiru Adepoju onídùndún, ọmọ Erúwà. Ọdún 32 ṣáájú Tyla ni ọwọ́ Yorùbá ti kan nǹkan náà. Ta ló bá wọn ṣàìsùn ní Kòsọ̀fẹ́? Ta ló bá aládùúgbò rẹ̀ yodì nítorí dùndún?

Sunny Adé náà ńkọ́? Orúkọ rẹ̀ wọ ìwé Grammy ní 1984 nítorí àwo Synchro System, ó tún wọ̀ ọ́ ní 1999 nítorí Odù. Kò gbà á nígbà méjèèjì. Ǹjẹ́ ẹ gbọ́ pé ẹnì kan lóde àríyá ká ọwọ́ náírà kò nítorí ìyẹn? Iwájú orí olórin ni àpótí ìbò tiwa. Ojú gbogbo ayé ni wọ́n ti ń dì í, èsì rẹ̀ kì í pẹ́, ẹni tí orin bá sì wọ̀ lára lè dìbò títí owó ọwọ́ rẹ̀ á fi tán. Ìjọba ló wá ba ìyẹn náà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn máa fọ́n náírà lóde. Nínú oṣù Kẹrin 2024, oṣù méjì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Tyla, ilé ẹjọ́ kan l'Ékòó rán Bobrisky lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀, EFCC ló pè é lẹ́jọ́. Amẹ́ríkà ò jẹ́ ká dìbò, EFCC ò jẹ́ ká dìbò. Ariwo nìkan ló kù fún wa, a sì ń pa á dáadáa.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn Grammy, Ọlọ́run rántí wa. Ọjọ́ 7 oṣù Kejì ni Super Eagles pàdé Bafana Bafana ní Bouaké, ẹni tó bá yege ló ń lọ sí àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ ti gbóná débi pé ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Pretoria ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ wa lọ́hùn-ún pé kí wọ́n ṣọ́ ẹnu wọn, kí wọ́n ṣọ́ ibi tí wọ́n máa ti wo bọ́ọ̀lù, bí a bá sì borí, kí wọ́n má fi ayọ̀ wọn tọ́ ẹnikẹ́ni níjà. Ìjọba Gúúsù Áfíríkà ní ìkìlọ̀ náà kò dùn mọ́ àwọn nínú. Ọ̀mì 1-1 ni, ó di pẹnáritì. Nwabali, aṣọ́lé wa, mú méjì, ti Teboho Mokoena wà nínú wọn, Iheanacho sì gbá èyí tó parí ẹjọ́ wọlé, 4-2. Ní ilé ìwòran kan ní Ìkòsì, ọkùnrin kan bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń jù ú sókè, ó ní a ti gba Grammy wa padà! Mi ò fẹ́ ba ayọ̀ olóhun jẹ́ ni mi ò ṣe sọ fún un pé Chippa United, ní Gúúsù Áfíríkà, ni Nwabali ti ń gba owó oṣù nígbà yẹn. Ọjọ́ 11, Ivory Coast nà wá 2-1, ni ẹjọ́ Grammy bá tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ọdún kan yípo. Ọjọ́ 2 oṣù Kejì 2025, Tems fi "Love Me JeJe" gba ẹ̀bùn kan náà. Àwọn adìbò ọjọ́sí náà ni, Los Angeles náà ni, kóńgò náà ni. Mo tẹ́tí kí n gbọ́ kí ẹnì kan ní Kétu pe màgòmágó. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ atíòro lẹ́nu. Recording Academy di ẹgbẹ́ àwọn olódodo tó mọ orin dénúdénú. Bàbá kan ní Alápẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní òun gan-an ni wọ́n dá lọ́lá, nítorí òun ní káàsẹ́ẹ̀tì "Love Me Jeje" ti Seyi Sodimu láti 1997, inú orin yẹn ni Tems sì ti bu tirẹ̀. Yemi Alade, Burna Boy, àti Asake pẹ̀lú Wizkid wà lára àwọn tó ṣòfò kí Tems tó jèrè, ṣùgbọ́n òfò tó bá tọwọ́ ọmọ ilé wá kì í dun wá títí ọjà fi tú.

Ìtìjú tó kù ni mo fẹ́ fi kún un kí n tó gbé gègé sílẹ̀. Nínú oṣù Kẹwàá 2025, Gúúsù Áfíríkà gba tíkẹ́ẹ̀tì ife ẹ̀yẹ àgbáyé nínú ìsọ̀rí tí a jọ wà. FIFA ti yọ póíǹtì mẹ́ta nínú tiwọn nítorí pé wọ́n lo Mokoena yìí kan náà nígbà tí kò yẹ kó gbá bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ wọ́n ga jù wá lọ. Oṣù tó tẹ̀lé e, orílẹ̀-èdè Kóńgò (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín) fi pẹnáritì wọn tiwa kù. Ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2026, Tyla tún dé pẹ̀lú "Push 2 Start". Davido wà níbẹ̀, Burna Boy wà níbẹ̀, Ayra Starr wà níbẹ̀ tòun ti Wizkid. Tyla ló gbà á. Lọ́tẹ̀ yìí, Wizkid FC náà jókòó sínú ọ̀fọ̀.

Oṣù Kọkànlá ni wọ́n máa ń gbé orúkọ àwọn tó wọlé jáde. Ẹ̀yin ará Kòsọ̀fẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìjà ti ọdún tó ń bọ̀, ẹ fetí sí orin márààrún ná. Ó kéré tán, ẹ gbọ́ ti ẹni tó máa nà wá.