Ojú Lọ̀rọ̀ Wà, Ọrùn Ni Ẹlẹ́rìí

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó fẹ́ fi ìránṣẹ́ parí ìjà ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí bá wí: lọ bá onítọ̀hún, jókòó tì í, wo ojú rẹ̀. Ẹnu lè purọ́, ojú ni yóò tú àṣírí. Òwe náà kò tíì kú ní Ilé-Ogbó, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédíre, nítòsí Ìwó. Ṣùgbọ́n lójú àwọn kan lónìí, abẹ́ práímà, fandéṣọ̀n, kọ̀nsílà àti àtíkè ni ọ̀rọ̀ wà. Kó tó lè jáde síta, àfi kó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ.

Ẹ wo òṣìṣẹ́ kan tó fẹ́ gun ọ̀kadà láti Ilé-Ogbó lọ síbi iṣẹ́ ní Ìwó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ládàánì tó pe ìrun Àsùbáà ló ti wà níwájú dígí. Ojú tí oníṣẹ́ mékọ́ọ̀pù ń ṣe fún ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí iná kámẹ́rà yóò tàn sí, lòun ń ṣe fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán. Ó wọn irun òkè ojú, ó tún un wọ̀n. Ó lẹ irun àtọwọ́dá mọ́ ìpéǹpéjú. Ó wá fi àtíkè tó mọ́lẹ̀ ju àwọ̀ rẹ̀ lọ parí iṣẹ́. Ọ̀kadà gbéra, eruku bá ìpara, òógùn bá eruku. Nígbà tó fi máa dé ẹnu iṣẹ́, ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ lára ẹnì kan ṣoṣo. Ojú ní, “Pupa ni mí.” Ọrùn ní, “Irọ́ ni, kò sí pupa nílé wa.”

Ọrùn ló jàre.

Nígbà kan, irú ìjà yìí kì í ṣe ẹ̀bi obìnrin. Awọ òyìnbó ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń po àtíkè fún. Bí aláwọ̀ dúdú bá rà á, ojú rẹ̀ á hu eérú. Ìyà yìí wà lára ohun tó mú kí Eunice Johnson, tòun àti ọkọ rẹ̀ ni ìwé ìròyìn Ebony ní Chicago, dá iléeṣẹ́ mékọ́ọ̀pù Fashion Fair sílẹ̀ lọ́dún 1973 fún àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú. Lọ́dún 1998, Tara Fela-Durotoye tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ mékọ́ọ̀pù House of Tara. Nígbà tó di ọdún 2017, Rihanna olórin gbé fandéṣọ̀n Fenty Beauty jáde ní oríṣi àwọ̀ 40. Àwáwí ti tán. Àwọ̀ tó bá ara mu wà lórí àtẹ. Àwọ̀ tí kò bá a mu ni àwọn kan ń fi owó ara wọn yàn.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọrùn ni ẹlẹ́rìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ ń dán fandéṣọ̀n wò sí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ọwọ́ kò bá ojú dọ́gba. Ẹ̀bá àgbọ̀n ìsàlẹ̀, níbi tí ojú àti ọrùn ti pàdé, ni kí wọ́n fi díẹ̀ pa, kí wọ́n sì jáde kúrò lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù lọ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Èyí tó bá pòórá mọ́ ara ni kí wọ́n sanwó rẹ̀.

Láàárọ̀, ojú tó mọ́ ni wọ́n ń kùn. Wọ́n á fi ìpara tí kì í jẹ́ kí ara gbẹ pa á, wọ́n á dúró kó wọlé, lẹ́yìn náà ni fandéṣọ̀n díẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, láti àárín ojú lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kànrìnkàn tútù tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọn kì í fà á. Iwájú orí, imú àti àgbọ̀n tó máa ń dán ni àtíkè wà fún. Àtíkè kan tiẹ̀ wà tí sílíkà inú rẹ̀ máa ń dá iná kámẹ́rà padà: lójúkojú, kò sí wàhálà, nínú fọ́tò, ojú á funfun báláú.

Tó bá di ti iye àwọ̀ tó tó, ará Ìwó kò ní láti wá olùkọ́ lọ sókèèrè. Odídẹrẹ́ tí wọ́n fi ń ki ìlú wọn, eérú ló bora látorí dé ẹsẹ̀, ìrù nìkan ló pọ́n. Pupa ibì kan ṣoṣo yẹn ni ìkóóde tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ iyì rẹ̀. Ẹni tó bá ti kun ètè pupa fòò fún ọjọ́ iṣẹ́, kó fi ojú sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ojú pe àfiyèsí, kí ètè sinmi.

Àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín síbí, wọ́n á ní tìróò, osùn àti làálì ni tàwọn, ohun àbáláyé kì í pani lára. Ara igi ni osùn ti wá lóòótọ́, ewé sì ni làálì, bí aláṣejù kò bá ti po dáì irun mọ́ ọn kó lè dúdú. Àmọ́ òkúta ni tìróò, òjé àti imí-ọjọ́ ló sì para pọ̀ di òkúta náà. Lọ́dún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù 6 kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Wọ́n wá orísun rẹ̀ títí, ó di inú tìróò tó ti ilé wá, tí wọ́n ń lé sí ìpéǹpéjú ọmọ. Òjé kó ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí àwọn oníṣègùn kà sí aláìléwu.

Ojú ń sọ̀rọ̀ lọ́nà mìíràn náà, wọn kì í gbọ́ ni. Ó ń yún, ó ń wú, ó ń sú kóróro. Dípò kí wọ́n bi í léèrè, kọ̀nsílà ni wọ́n tún ń fi dí i lẹ́nu. Ojú tó sú, kí wọ́n fi í sílẹ̀ láìkùn títí yóò fi san. Másíkárà tí wọ́n ti ṣí fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sọ ọ́ nù. Igi tìróò tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ ń lò ni àrùn ojú Àpóló máa ń gùn láti ojú kan bọ́ sí òmíràn. Kò sì sí fandéṣọ̀n tó yẹ kó bá olówó rẹ̀ sùn mọ́jú.

Ẹni tó bá ní ọmọ ọwọ́ nílé, kó gbé tìróò jìnnà sí ojú rẹ̀. Bó bá ti ń lé e fún un tẹ́lẹ̀, kó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, kó sì sọ fún dókítà pé òun fẹ́ kí wọ́n yẹ òjé wò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.