Aago Mẹ́wàá ti Èjìgbò

Ẹ mú ìwé ìpè ìnáwó èyíkéyìí tí wọ́n bá tẹ̀ ní Èjìgbò, láti Máṣífà dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ àkókò sí. “By 10 a.m. prompt” ni ẹ ó bá níbẹ̀. Òyìnbó tó ni èdè rẹ̀ á ní “at” ló tọ́, nítorí “at 10” ni aago mẹ́wàá gẹ́lẹ́. “By 10” ni pé kí nǹkan ti parí kí aago mẹ́wàá tó lù. Kí ló parí? Ní aago mẹ́wàá ọjọ́ náà, àwọn tó ń ta kánópì ṣì ń wá òpó kan tó dín, alásè ń fẹ́ná, ọkọ ìyàwó sì ń wá fìlà tí àbúrò rẹ̀ ti dé jáde.

Ẹ má bá ẹni tó tẹ ìwé wí o. Ẹni tó bá kọ “at” ló parọ́. “By” tiwa ń sọ òótọ́: láti aago mẹ́wàá lọ ni, ìgbà tí Ọlọ́run bá fẹ́.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má rẹ́rìn-ín, ó kàn yín. Ẹ ní “at” ni ti aago, “on” ni ti ọjọ́, “in” ni ti oṣù àti ọdún. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ “on” 27 August, 1991. Ẹ yọ ọjọ́ àti oṣù kúrò, ó di “in” 1991. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan wá béèrè pé àárọ̀ jẹ́ “in the morning”, kí ló dé tí òru fi jẹ́ “at night”? Ẹ ní kó kúnlẹ̀.

Wọ́n tún ní ọkọ̀ tí èèyàn bá lè dìde rìn nínú rẹ̀, “on” ni, bíi bọ́ọ̀sì àti rélùwéè. Èyí tí a ń tẹrí ba wọ̀, “in” ni. Kòròpé tó ń ná Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́, tí èèyàn mẹ́rin fún mọ́ ìjókòó ẹni mẹ́ta, tí ìdajì kọ́ńdọ́ sì wà níta? Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ gan-an, ẹ pè é lórí fóònù: “I’m on my way.” Irọ́ ni. Ó wà nílé ìwẹ̀, ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Àbíjàn ni mo tọ́jú ẹran fún jù. Ṣàṣà ni agbolé Èjìgbò tí kò ní èèyàn lọ́hùn-ún, bí oṣù Kejìlá bá sì dé, gbogbo yín á wálé pẹ̀lú aṣọ àti Faransé. Faransé yìí ló bà yín jẹ́: “à” kan náà ni wọ́n fi ń sọ ìlú, òun náà ni wọ́n fi ń sọ aago. Ẹ bá dé, ẹ ní “I live at Abidjan, I come at Saturday.” Bọ̀dá, “at” kan ṣoṣo lẹ fi ń ná gbogbo ọjà! Bí a bá fi yín sínú yàrá kan pẹ̀lú tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, àtòrì tí Òkè Màpó àti Ìsàlẹ̀ Òṣóló fi ń na ara wọn lọ́jọ́ ọdún Ògìyán á dà bí eré ọmọdé.

Ká sòótọ́, ẹjọ́ yín kọ́. “Ní” kan péré ni ìyá yín fi tọ́ yín: ní Èjìgbò, ní aago mẹ́ta, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò ṣì yín gbọ́. Àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò fẹnu kò: ará Lọ́ńdọ̀nù ní “at the weekend”, ará Amẹ́ríkà ní “on the weekend”, kò sì sí ẹni tó ní kí èyíkéyìí nínú wọn kúnlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ tó fẹ́ jókòó JAMB, ọgọ́ta ìbéèrè ni Use of English, wọn kò ní fi ti Àbíjàn tàbí ti dẹ́rẹ́bà kún un. Ohun tí tíṣà kọ ni kí ẹ kọ. Bí wọ́n bá sì bi yín nípa òru, “at” ni kí ẹ mú, ẹ má béèrè ìdí.