Sàláàdì Òtílí àti Efinrin: Àkọsílẹ̀ Àṣìṣe Alásè Kan ní Ọ̀yọ́

Sàláàdì, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe mọ̀ ọ́n, jẹ́ oúnjẹ ọdún àti ti òde ìgbéyàwó, tí wọ́n ń fi lẹ́tùúsì, kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti kùkúńbà tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ ṣe, tí wọ́n sì ń to ẹyin sísè, ẹ̀wà inú agolo àti àgbàdo inú agolo lé lórí ní ìpele-ìpele, kí wọ́n tó da kíríìmù funfun tí ó kan díẹ̀ bò ó. Bí ó ti gbajúmọ̀ tó yìí, díẹ̀ nínú èròjà rẹ̀ ni ilẹ̀ agbègbè náà ń mú jáde: láti òkè Jos, níbi tí òtútù ti pọ̀ ju ti ìhà gúúsù lọ, ni ọ̀pọ̀ kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti lẹ́tùúsì ti ń wọ ọkọ̀ wá, èyí tí ó sì ti inú agolo jáde kò ní àsìkò rárá. Nítorí náà, sàláàdì tí a mọ̀ kò bá òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe àdéhùn kankan, ẹni tí ó bá sì ń wá èyí tí ó ní àsìkò tirẹ̀ yóò ní láti wo ibòmíràn.

Irú èyí tí ó ní àsìkò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é ní ìgbà ìrúwé, ìyẹn ìgbà tí òtútù ńlá bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí ewé sì ń yọ padà lára igi. Olórí èròjà rẹ̀ ni gírìnpíìsì, ẹ̀wà roboto aláwọ̀ ewé tí a mọ̀ jù nínú ìrẹsì díndín, tí ó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tútù ni ó ń jẹ́ kí ó so dáadáa, tí ooru sì máa ń ba òdòdó rẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá ti já a, ṣúgà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di sítáàṣì láàárín wákàtí díẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fẹ́ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n já a, tí wọ́n ń bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, tí wọ́n sì ń pò ó mọ́ ewé múlọ́múlọ́, òróró ólífì, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ewé míńtì, ewéko tí òróró inú rẹ̀ ń mú ẹnu tutù, tí àwọn tí ń ṣe ọṣẹ ìfọyín sì ń lò.

Òǹkọ̀wé àròkọ yìí, tí ó ń gbé ní Ọ̀yọ́ tí ó sì ka irú àlàyé bẹ́ẹ̀ nínú ìwé alásè kan, pinnu láti fi èròjà ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ọ̀kan, ó sì gbé ìpinnu náà ka orí ètò ìbátan ewéko, èyí tí àwọn onímọ̀ fi ń pín ewéko sí ìdílé-ìdílé. Nínú ètò yìí, òtílí, ẹ̀wà kékeré tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn sí etí oko iṣu àti ti àgbàdo, tí igi rẹ̀ sì lè ga ju ènìyàn lọ, wà ní ìdílé kan náà pẹ̀lú gírìnpíìsì. Efinrin wà ní ìdílé míńtì. Ẹ̀fọ́ yánrin, tí ń hù fúnra rẹ̀ ní ààlà oko tí oje funfun sì ń jáde lára rẹ̀ bí a bá já a, súnmọ́ lẹ́tùúsì débi pé àwọn onímọ̀ ti kà á mọ́ ọn rí, kí wọ́n tó yà á sọ́tọ̀ pẹ̀lú orúkọ Launaea taraxacifolia. Ìrònú náà kò ní àbùkù kankan lórí ìwé, àfi pé ọmọ bàbá kan náà lè jọ jẹ́ orúkọ ìdílé láìjọ hu ìwà kan náà, èyí tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé nínú agboolé ńlá ì bá ti sọ fún òǹkọ̀wé bí ó bá béèrè.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ jẹ́ ti òǹkà oṣù. Nítorí pé ìwé ní ìgbà tí ewé bá ń rú ni sàláàdì náà yẹ, òǹkọ̀wé mú ìparí oṣù kẹta, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ tí yánrin àti gbúre sì ń yọrí jáde nílẹ̀, ó sì ti ránṣẹ́ pe àlejò kí ó tó lọ wo ohun tí ó wà lórí àtẹ. Ní ọjà Akẹ̀sán, tí kò jìnnà sí ààfin Aláàfin, ó kí ìyá kan tí ń ta ẹ̀wà, ó sì béèrè bóyá òun lè rí òtílí tútù rà.

“Òtílí tútù bí?” ni ìyá náà wí. “Oníbàárà mi, ìgbà ọyẹ́ la ti jẹ ìyẹn tán. Gbígbẹ ló kù o.”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí. Òtílí máa ń dúró kí ojúmọmọ kúrú kí ó tó yọ òdòdó, nítorí náà, bí a tilẹ̀ gbìn ín nígbà òjò, ó di apá ìparí ọdún kí ó tó tanná. Inú ọyẹ́ ni èso rẹ̀ ń tutù yọ̀yọ̀, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ ti rìn jìnnà sínú ilẹ̀ tí ó sì ṣì ń rí omi fà nígbà tí ewéko mìíràn ti rọ. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ó ti gbẹ, wọ́n ti lù ú, wọ́n sì ti kó o sápò. Ní ilẹ̀ yìí, ẹ̀wà tútù àti ewé òjò kì í pàdé lójú ọ̀nà, ìwé tí ó sì so wọ́n pọ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tí ó jẹ́ pé òtútù ni ó ń lé ewé wọlé, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹni tí orí rẹ̀ pé ì bá ti padà sílé lọ yí ètò rẹ̀ padà. Òǹkọ̀wé ra òtílí gbígbẹ, ó ní bí òun bá rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, yóò tún di tútù. Omi mú un wú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dá àwọ̀ ewé tí oòrùn ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ padà, pupa rúsúrúsú ni ó wà títí ó fi dé orí iná. Òtílí gbígbẹ lókìkí láàárín àwọn alásè fún pípẹ́ lórí iná, nítorí pé èèpo rẹ̀ le tí omi kì í sì í tètè ráyè wọ inú rẹ̀, ìdí pàtàkì kan nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi fi í sílẹ̀ fún ẹ̀wà lásán. Alásè tí ó mọ iṣẹ́ á bọ̀ ọ́, á da omi àkọ́kọ́ nù, á sì fi káún díẹ̀ sí i, káún ni iyọ̀ ilẹ̀ tí ó dì gbagidi, tí wọ́n ń kó wá láti ìhà àríwá, tí ó sì ń mú kí ohun líle tètè rọ̀. Òǹkọ̀wé kọ̀ láti fi káún sí i nítorí pé ìwé kò dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí tí òtílí ṣì ń dún kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, ó ju gbogbo káún tí ó wà nílé sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò pẹ́ kò jìnnà, òtílí tú pátápátá, ó di ohun kan tí ó ki, tí ó ń yọ̀, tí ó sì dúdú díẹ̀, èyí tí ẹni tí kò bá mọ̀ lè pè ní gbẹ̀gìrì tí wọ́n gbàgbé láti bó èèpo rẹ̀. Òǹkọ̀wé gbé e kalẹ̀ kí ó tutù, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ yánrin kò gùn. Ewé rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni ó ṣeé jẹ ní tútù, èyí tí ó bá ti gbó ni a ń bọ̀, tí a sì ń fún omi kíkorò rẹ̀ nù kí ó tó wọ ọbẹ̀. Òǹkọ̀wé já èyí tí ó gbó nítorí pé ó tóbi lójú, ó fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, èyí tí ó tọ́ fún ewé tí kò ní fojú kan iná, ṣùgbọ́n kò fi omi lásán ṣàn án, nítorí náà ó korò, ó sì níyọ̀ pẹ̀lú. Ọmọ aládùúgbò kan tí ó bá a níbi tí ó ti ń já ewé lẹ́bàá ọ̀nà béèrè iye ewúrẹ́ tí wọ́n ń sìn nílé.

Síbẹ̀, àlejò ì bá fara da àwọn wọ̀nyí bí kò bá sí ti efinrin. Ìwé ní kí wọ́n fi ẹ̀kúnwọ́ míńtì sí i; òǹkọ̀wé fi ẹ̀kúnwọ́ efinrin sí i, kì í sì í ṣe efinrin wẹ́wẹ́ tí òórùn rẹ̀ rọ̀, bí kò ṣe efinrin ńlá, eléwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun tí ó wà nínú òróró míńtì ni menthol, tí ń tan iṣan ahọ́n jẹ kí ó rò pé ohun tútù dé. Ohun tí ó sì sábà máa ń pọ̀ nínú òróró efinrin ńlá ní apá ilẹ̀ wa ni thymol, tí àwọn apòògùn ń fi sínú omi ìfọnu nítorí pé ó ń pa kòkòrò àrùn, tí kì í sì í tu ahọ́n lára rárá, ńṣe ni ó ń ta á. Àwọn ìyá wa mọ èyí láìmọ orúkọ rẹ̀, nítorí pé ìparí sísè ni wọ́n ń já ewé rẹ̀ díẹ̀ sínú ọbẹ̀ ẹja tàbí ti ẹran ewúrẹ́, kí ooru lè gba díẹ̀ lára agbára rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá gún tútù tí wọ́n fún omi rẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀, oògùn inú rírun ni. Efinrin tí òǹkọ̀wé gé sínú àwo ńlá láìdé e gba gbogbo ilé kan. Ẹni tí ó kọ́kọ́ dé nínú àwọn àlejò, ìbátan rẹ̀ kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fa imú lẹ́ẹ̀mejì.

“Ẹ kú ìtọ́jú o. Ta ni inú ń run nínú yín?”

“Kò sẹ́ni tí inú ń run, mà. Oúnjẹ ni.”

Ìyá Àgbà gbà pé ńṣe ni wọ́n ń fi àìsàn náà pamọ́ fún òun, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Ó ku epo. Òǹkọ̀wé, tí ìfẹ́ ilẹ̀ baba ti gbà lọ́kàn, pa ólífì tì, ó po epo pupa mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó dà á sórí gbogbo rẹ̀, ó sì gbé àwo náà sínú fíríìjì. Bí ìdajì ọ̀rá inú epo pupa ni ó jẹ́ irú èyí tí ń dì bí òtútù bá kàn án, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń dì nínú ìgò láàárọ̀ ọyẹ́. Ní ọjọ́ mìíràn, ewu kò ní sí nínú èyí, nítorí pé iná mànàmáná kì í dúró débi tí fíríìjì yóò fi ṣiṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, àní ọjọ́ yìí gan-an, iná dé láàárọ̀, kò sì lọ. Nígbà tí wọ́n gbé àwo jáde, epo ti dì mọ́ ewé, ṣíbí ni wọ́n sì fi fọ́ ọ.

Ọmọlúàbí ni àwọn àlejò. Wọ́n bù ú lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan yin àwọ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn ní irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe ara lóore, lẹ́yìn náà ni ẹni tí ó dàgbà jù nínú àwọn ọkùnrin wọn dúpẹ́ tọkàntọkàn, ó ní, “Oúnjẹ wá ńkọ́?” Nígbà náà, Ìyá Àgbà ti wọ ilé ìdáná. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú ajọ̀, ó fi omi gbígbóná ṣàn án títí epo fi yọ́ tí iyọ̀ sì dínkù, ó gbé ata, àlùbọ́sà àti irú kaná, ó sì da ewé àti òtílí pọ̀ sí i, ó wá ro àmàlà. Òtílí tí káún ti tú mú ọbẹ̀ náà ki, iná tẹ̀ efinrin lórí ba, kò sì sí èròjà kan tí wọ́n dà nù.

Òtílí tútù gan-an dé nínú ọyẹ́ tí ó tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ewéko yìí di ti oko, ó ti ibẹ̀ dé ilẹ̀ Áfíríkà, òwò ẹrú sì gbé e kọjá sí àwọn erékùṣù Kàríbíánì, níbi tí àwọn ará Jàmáíkà ti ń fi í se ìrẹsì nígbà Kérésìmesì, tí àwọn ará Puerto Rico náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ojúmọmọ ń kúrú lọ́dọ̀ tiwọn náà ní àkókò kan náà. Òǹkọ̀wé tún bẹ̀rẹ̀. Abọ́ òtílí tí ó rà láti oko kan ní ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ tóbi, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, hóró mélòó kan péré ni ó sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, débi pé ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó pa á tán, ohun tí ó sì jáde nínú abọ́ ńlá náà kò ju àwo kékeré kan lọ. Ó jinná kíákíá, àwọ̀ ewé rẹ̀ kò sì ṣí. Àkùrọ̀, ilẹ̀ ọlọ́rinrin etí odò tí àwọn àgbẹ̀ ń lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni ewé ti wá. Efinrin wẹ́wẹ́ díẹ̀ ni wọ́n já sí i, òróró ẹ̀pà sì rọ́pò epo.

Ìyá Àgbà, ọmọ ìlú tí oríkì rẹ̀ ń yangàn pé ọkà, ìyẹn àmàlà, ni wọ́n ń jẹ kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ, ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé àmàlà òun wá. Nígbà tí ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí wọ́n ṣí ẹ̀kọ tútù kan fún òun, ó sì ń bu ẹ̀kọ náà, ó ń fi í gbé sàláàdì jẹ títí àwo fi mọ́. Ìwé alásè tí òǹkọ̀wé kà kò dárúkọ ẹ̀kọ níbì kankan, ṣùgbọ́n kíkan ògì tí ó wà lára rẹ̀ tó fún ewé àti òtílí, ẹni tí ó bá sì máa fi ẹ̀kọ jẹ ẹ́ lè fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ sílẹ̀.