Oríkì Ẹ-bá-mi-tì-í

Bí píkọ́ọ̀pù Pẹ́jò yìí bá ti yọ sí Boundary, ní ìhà Olódì wa ní Èkó, àwọn ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá ni wọ́n á kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ-bá-mi-tì-í ti dé o!" Ọlọ́kadà kan á dá wọn lóhùn láti òdìkejì títì: "Eléèéfín-bí-ilé-ẹja!" Ìyá tó ń dín àkàrà á sáré gbé ọmọrí bo agbada rẹ̀, òun náà á sì fi tirẹ̀ kún un: "Olójú-kan!" Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ àwọn orúkọ yìí. Mo ti ṣà wọ́n jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì ṣe í ṣa nọ́ọ̀tì tó bọ́ sínú yanrìn, tí á nù ún, tí á fi ọ́ìlì pa á lára. Àwọn ni mo fẹ́ fi kì í lónìí, mi ò sì ní yọ ọ̀kan sílẹ̀.

Pẹ́jò 504, ẹlẹ́yìn gbalaja,
ọmọ tí Faransé bí, tí Kàdúná tọ́, tí Olódì fi joyè.
Ẹ-bá-mi-tì-í, ọkọ̀ tí kì í jẹ́ kí ará àdúgbò ṣàjèjì síra wọn:
bó bá kọ̀, ọkùnrin mẹ́fà a jáde láìrán wọn níṣẹ́;
bó bá gbà, ọmọdé a pàtẹ́wọ́.
Wọ́n ní ikọ́ ń ṣe ọ́.
Ikọ́ àgbà ni, ẹni tó bá gbọ́ ọ a yàgò lọ́nà.

Ẹni tó bá rí i báyìí, tí ìpẹta ti jẹ etí ilẹ̀kùn rẹ̀, tí okùn sì so géètì ẹ̀yìn rẹ̀, lè rò pé orí àkìtàn la ti gbé e. Ilé ọlá ló ti wá. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé 504 jáde nílẹ̀ Faransé. Nígbà tó di 1969, òun ni wọ́n fi jẹ Ọkọ̀ Ọdún ní Yúróòpù. Ní 1975, Ove Andersson, ọmọ Sweden, fi 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí ẹrọ̀fọ̀ àti òkúta ti ń dá ọkọ̀ olówó ńlá dúró sí àárín igbó. Oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀, èyí tí mò ń kì yìí, dé ní 1979. Faransé dáwọ́ 504 sàlúùnù dúró ní 1983. Kàdúná kò dáwọ́ tirẹ̀ dúró, ó ń tò ó lọ fún bí ogún ọdún sí i.

Ìgbà kan wà tí ẹni tó bá ra Pẹ́jò tuntun kì í sùn lọ́jọ́ náà. Wọn á pe àlùfáà kó wá gbàdúrà sí i, ìyá arúgbó á wọ́n omi tútù sí táyà rẹ̀, ẹ̀gbọ́n á jókòó sí ẹ̀yìn ìdarí láìlọ síbì kankan. Ọ̀gá iléèwé gùn ún, dókítà gùn ún, òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá rí owó yá ra tirẹ̀. Irin kan náà nìyẹn. Ojú tí a fi ń wò ó ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Olódì. Láti 1977 tí wọ́n ti ṣí èbúté Tin Can, tírélà àti tánkà ló ni títì ńlá ọ̀dọ̀ wa. Mo ti rí ìlà tírélà tó nà láti ẹnu èbúté kọjá Mile 2, tí awakọ̀ ń dáná ọbẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, tó ń fọ aṣọ, tó ń sá a sórí okùn láàárín táyà méjì. Ní oṣù kejì ọdún 2021 ni wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ tó ń fi fóònù pe tírélà wọ èbúté nígbà tó bá kàn án, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ètò. Kí ìyẹn tó dé, kí ni wọ́n rò pé ó ń gbé gààrí àti sìmẹ́ńtì wọ àdúgbò? Tírélà kò lè yà sínú wa. Kòtò gbé káà kéékèèké mì. Pẹ́jò ló ń gba ẹ̀yìn ọjà, ó ń gba Kírikírì Road, ó ń gba Wilmer, ó ń yà sí Tolu nígbà tí òjò ti kún gọ́tà dé ìdajì táyà.

Agbé-gààrí má jalè,
agbé-sìmẹ́ńtì má kún lẹ́ẹ̀rí,
ó gbé ìkòkò ìnáwó lọ, ó gbé àwo òfìfo bọ̀.
Ó gbé àwọn ọmọ agbábọ́ọ̀lù lọ sí pápá Maracana, wọ́n ń lu ara rẹ̀ bí ìlù;
ó gbé àpótí amóhùndún òru ijó galala;
ó gbé bàbá oníbàbá tó kú sí ilé ìwòsàn, ó rọra ń lọ,
kò wúkọ́ rárá lọ́jọ́ náà.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, òótọ́ ni. Èmi ni mo jókòó sẹ́yìn tì òkú náà.

Ọjọ́ tí mo gbà pé irú ọkọ̀ yìí tó kì ni ọjọ́ Sátidé kan tí a fi Pẹ́jò ẹgbẹ́ rẹ̀ kan lọ kó ẹrù ìyàwó ní Amùkòkò. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Fìríìjì wà lókè, bẹ́ẹ̀dì wà lókè, àpótí mẹ́rin, ìyàwó àti ìyá rẹ̀ sì wà níwájú pẹ̀lú awakọ̀. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú kòtò kan, òkúta gbá ìsàlẹ̀ táńkì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn bẹntiróòlù. Ó ń kán tó, tó, tó, sórí títì. Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ń kígbe pé kí wọ́n pa ìṣáná, ẹnì kan ń wá gọ́ọ̀mù, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí. Ọ̀gá mẹkáníìkì wa, ọmọ Ùrhòbò tó gbọ́ Yorùbá ju ẹlòmíràn tí wọ́n bí ní Ìbàdàn lọ, wọ abẹ́ ọkọ̀, ó yọrí, ó ní, "Ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ọṣẹ wà nínú ẹrù yín?" Ìyàwó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mi orí. Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n mú ọ̀pá ọṣẹ ìfọṣọ kan jáde, tuntun, tó ṣì wà nínú bébà. Ọ̀gá fi eyín gé e, ó fi ọwọ́ pò ó títí ó fi rọ̀ bí èbà, ó sì fi dí ojú ihò náà. Omi ń tú ọṣẹ, bẹntiróòlù kì í tú u. Ẹ̀kán dá. A tì í lẹ́ẹ̀kan, ó ṣí. A dé ilé ọkọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ọṣẹ ìyàwó ló gbé ìyàwó wọlé.

Láti ọjọ́ náà, títí píkọ́ọ̀pù náà fi dákẹ́, bí ìyàwó yẹn bá rí i lójú pópó, á kúnlẹ̀ díẹ̀, á ní, "Ọkọ mi, ẹ kú ìrìn o." Ará ilé ọkọ rẹ̀ ni, ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ tiwa, àwa tó ní ọkọ̀ àtijọ́. Lẹ́yìn ìsìn, tí àwọn tó lọ sí mọ́ṣáláṣí náà ti kírun ọ̀sán tán, a máa ń pàdé lábẹ́ dóńgóyárò kan lẹ́bàá ògiri tí kò jìnnà sí Tolu. Ẹgbẹ́ wa kò lórúkọ, kò gba owó ìwọlé. Bàbá kan tó ṣiṣẹ́ ní wáàfù kó tó fẹ̀yìn tì ló ni Pẹ́jò tó dàgbà jù. Ìyá ẹlẹ́ja kan ní Datsun, òun fúnra rẹ̀ ló ń tú pọ́ọ̀gì rẹ̀. Olùkọ́ kan ní Hilux àtijọ́. Ọmọ Ìgbò kan ní Mazda tí kò tíì rìn láti ọdún tó kọjá. Síbẹ̀ kò pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, ó ń fi ọwọ́ ti ọkọ̀ rẹ̀ wá láti òpópó kejì.

Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ pé èéfín tí wọ́n fi ń bú Pẹ́jò, ọ̀rọ̀ ló ń sọ.

Eléèéfín-bí-ilé-ẹja,
èdè mẹ́ta ló wà ní sáílẹ́ńsà rẹ.
Bó bá dúdú, ò ń wí pé epo pọ̀ jù lẹ́nu mi, ẹ wo kábúrétọ̀.
Bó bá funfun tí kò dá, omi ti wọ inú mi, ẹ wo gásíkẹ́ẹ̀tì.
Bó bá mú àwọ̀ aró, ọ́ìlì ń jó nínú mi, ẹ wo ríìngì.
Ta ló ń sọ àìsàn rẹ̀ kí oníṣègùn tó bi í?

Èyí tó mú àwọ̀ aró ló le jù, òun náà ló sì fi ọgbọ́n àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí hàn. Ní ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, bí inú ihò tí písítìnì ń gbà bá ti fẹ̀, ẹ ní láti gbé odindi bulọ́ọ̀kù lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ. Ti Pẹ́jò yàtọ̀. Sílíìfù ni wọ́n tẹ̀ bọ inú rẹ̀, omi ráádíétọ̀ sì ń ṣàn yí i ká. Bó bá jẹ, ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn sí i pẹ̀lú písítìnì tirẹ̀, bí ìgbà tí a pààrọ̀ ìrọ̀rí nínú àpò rẹ̀. Wọ́n tún dá ẹ́ńjìnnì náà dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dígírì 45, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ yín ń rí àyè wọlé. Mo ti rí i tí wọ́n tú u ní ọ̀sán Àìkú kan lábẹ́ dóńgóyárò yẹn. Ọmọṣẹ́ to sílíìfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí páálí, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí wọn, bàbá wáàfù gbé àga rẹ̀ súnmọ́ ọn, kò sọ̀rọ̀ títí tó fi parí.

Kọntáàkì sẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ tèmi níbẹ̀. Àlàfo ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 0.4 mìlímítà lọ. Ẹni tí kò ní irin ìwọ̀n a fi etí páálí ìṣáná sí i, a tẹ̀ ẹ́, a fà á. Bó bá yọ pẹ̀lú ìnira díẹ̀, ó ti bọ́ sí i. Ọmọ mi obìnrin mọ̀ ọ́n ṣe báyìí, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Inú mi dùn sí èyí ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Olójú-kan nìkan ni mo bẹ ìyá alákàrà kó má fi pè é mọ́. A ti rí gíláàsì iná iwájú rẹ̀ ní ọjà Ladípọ̀ lóṣù tó kọjá, méjèèjì ló ń tàn.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni iye àwọn tí kò sí lábẹ́ igi mọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti tán. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, jálá epo tí kò tó ₦200 ní Èkó fò kọjá ₦480, kò sì dúró síbẹ̀. Pẹ́jò ń mu epo, mi ò ní bò ó. Ẹni tó ń fi tirẹ̀ kó ẹja gbé e sẹ́yìn ilé. Ewúrẹ́ sùn sábẹ́ rẹ̀, ewéko gun táyà rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, baba bólà dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ rẹ̀, ó kan ara ọkọ̀ náà bí ẹni ń kan ìkòkò wò, ó ní òun á rà á ní kílò. Mẹ́ta ló lọ bẹ́ẹ̀ láàárín wa. Wọ́n fi iná gé wọn níbi tí wọ́n wà. Ilẹ̀kùn tí ìyàwó Amùkòkò gbà wọlé ń bẹ láàárín wọn.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìyàwó náà ni a gbà sílẹ̀. Òun ló wà nínú Pẹ́jò tí mò ń kì yìí.

Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ tó wúkọ́ ní Boundary, ohùn ọkọ̀ ìyàwó yẹn ni mò ń gbọ́. Kí àwọn ọmọ máa pariwo wọn. Àwọn gan-an ló ń sáré wá tì í.

Bí tiyín bá wà lẹ́yìn ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á ní kílò. Ẹ lé ewúrẹ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ọ́ìlì, ẹ wá bátìrì. Láti aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, a wà lábẹ́ dóńgóyárò. Bí kò bá sì ṣí, ẹ ránṣẹ́ sí wa, àwa á wá bá yín tì í.